Má Fi Bíléèdì Kún Un: Ọ̀rọ̀ Lórí Sípíríǹgì Ọkọ̀ Akẹ́rù

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹni tó ni ọkọ̀ akẹ́rù, ó kan ẹni tó ń wà á, ó kan mẹkáníìkì tó ń wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì kan ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá, ṣùgbọ́n tí típà ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Ní Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó níbí, láti Ìkọ̀tún dé Ẹ̀gbẹ́dá, láti Ìgándò títí dé Ayọ̀bọ̀, bí ìdí ọkọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wolẹ̀, tàbí tí irin kan bá dá nínú sípíríǹgì rẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde: ẹ fi bíléèdì kún un. Wọ́n á wá irin pẹlẹbẹ méjì tàbí mẹ́ta láti ara ọkọ̀ mìíràn, wọ́n á kì wọ́n sáàárín, wọ́n á dè wọ́n pinpin, ìdí ọkọ̀ á dìde, gbogbo èèyàn á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Èmi ní ìdajì iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, ìdajì kejì ni wọ́n bà jẹ́. Ìdí ọkọ̀ dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà kò fẹ́ sípíríǹgì tó gan. Èyí tó lè tẹ̀, tó lè lọ sókè kó sì sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìdíwọ́, ló ń jẹ́ kí gbogbo táyà máa tẹ ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí nǹkan náà ṣe rí. Kì í ṣe sípíríǹgì tó lọ́ yípo, tó wà lábẹ́ iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ni mò ń wí. Àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ni, tí èyí tó gùn jù wà lókè, tí àwọn yòókù ń kúrú sí i bí wọ́n ṣe ń lọ sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé: ọdún 1804 ni Obadiah Elliott, ará Ìlú Ọba, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, nígbà tí ọkọ̀ tó ń jẹ epo kò tíì sí lójú ọ̀nà kankan. Orí rẹ̀ ni bọ́lẹ̀kájà rìn. Orí rẹ̀ náà ni mólúè rìn, nítorí pé fíréèmù Mercedes 911, ọkọ̀ akẹ́rù gidi, ni wọ́n kan ọ̀pọ̀ mólúè lé. Títí di òní, ó wà lábẹ́ ẹ̀yìn Hilux. Bíléèdì òkè pátápátá ni ìyá àwọn tó kù: òun ni wọ́n ká etí rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n fi gbá a mọ́ fíréèmù. Etí kan dúró sójú kan. Èkejì so mọ́ irin kékeré kan tó ń mì síwá sẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní shackle, nítorí pé sípíríǹgì tó bá tẹ̀ máa ń na ara rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí àyè nà sí. U-bolt, bọ́ọ̀tì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, ló wá di àárín gbogbo rẹ̀ mọ́ axle, irin ìdábùú tó gbé táyà ọ̀tún àti òsì. Bí táyà bá gun nǹkan, àwọn bíléèdì á máa yọ̀ lórí ara wọn. Ẹ mú ìwé tó nípọn kan, ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ẹ tẹ̀ ẹ́: á tẹ̀ wẹ́rẹ́, nítorí pé ojú-ewé kọ̀ọ̀kan ń yọ̀ lórí èkejì. Ẹ wá fi ìka fún etí rẹ̀ méjèèjì pinpin, kí ẹ tún un tẹ̀. Iṣẹ́ tí ìka yẹn ń ṣe ni ìpẹtà àti iyanrìn tó há sáàárín bíléèdì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wa ń ṣe.

Ohun tí gbogbo àlàyé mi dúró lé nìyí: ojú ọ̀nà tí kò tẹ́jú ń lọ́ ọkọ̀, ìlọ́ yẹn sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Ẹ wo àwọn òpópó tí kò ní ọ̀dà ní Ìgándò, ní Abáránjẹ àti lọ́nà Ìjẹ̀gùn, nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ti fọ̀ wọ́n. Táyà iwájú lápá òsì wọ kòtò, táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún wọ òmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí sípíríǹgì bá lè tẹ̀, táyà kọ̀ọ̀kan á sọ̀ kalẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ kòtò tirẹ̀, ọkọ̀ á sì kọjá. Bí kò bá lè tẹ̀, fíréèmù ló máa lọ́ dípò rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ akẹ́rù mọ̀ pé yóò lọ́ díẹ̀, ìdí nìyẹn tí irin fíréèmù fi ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan dípò kó jẹ́ páìpù; ṣùgbọ́n ìlọ́ díẹ̀ kọ́ ni ìlọ́ ojoojúmọ́, àti pé ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ là. Bí fíréèmù náà bá kọ̀ tí kò lọ́, táyà kan á gbé kúrò nílẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹjọ́ ń dé, nítorí pé lábẹ́ ọ̀pọ̀ ọkọ̀, díférẹ́ńṣà ń pín agbára dọ́gba fún ọ̀tún àti òsì. Èyí tó wà lófuurufú kò rí ohun tó máa gbá mú, agbára tó lè gbà kò tó nǹkan. Nǹkan kékeré yẹn náà ni èkejì á rí gbà. Táyà tó gbé sókè ń yí fìrìfìrì, èyí tó tẹ ilẹ̀ ń wò ó níran. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ẹṣin 300 kò ní ran ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bó ti wù kí awakọ̀ tẹná mọ́lẹ̀ tó. Lójú mi, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a rò pé ẹrọ̀fọ̀ ló dè mọ́lẹ̀, sípíríǹgì tiwọn fúnra wọn ló dè wọ́n.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àbájáde rẹ̀ ń ya èèyàn lẹ́nu. Bí ẹ bá mú bíléèdì méjì tí wọ́n gùn dọ́gba, tí wọ́n fẹ̀ dọ́gba, tí ọ̀kan nípọn tó mìlímítà 10, tí èkejì tó 12, ojú á rò pé ìdá kan nínú márùn-ún ni èkejì fi le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Líle rẹ̀ jẹ́ 1.73 ti àkọ́kọ́, nítorí pé ìnípọn máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìṣirò náà. Èyí tó nípọn ní ìlọ́po méjì á le ní ìlọ́po mẹ́jọ. Gígùn ń ṣe òdìkejì: ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún gígùn sípíríǹgì, ìdá kan nínú mẹ́rin líle rẹ̀ á fò lọ. Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe. Sípíríǹgì tó ní bíléèdì 7, tí a fi 3 irú wọn kún, ti fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún le sí i. Bí àwọn mẹ́ta náà bá tún nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọkọ̀ náà ti kúrò ní ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ṣe pátápátá. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí a kì í rò: bí irin méjì bá tẹ̀ dọ́gba, èyí tó nípọn ni ara ń ni jù. Nítorí náà, bíléèdì gbàǹgbà tí a kì sáàárín àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, pé kó wá gbà wọ́n sílẹ̀, òun gan-an ló sábà máa ń kọ́kọ́ dá.

A máa ń gbàgbé pé típà kì í gbé ẹrù ní gbogbo ìrìn rẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ ń ti Ìpínlẹ̀ Ògùn wọlé, ó ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Abúlé Ẹ̀gbá, ó ń yà wọ inú àdúgbò lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ilé kíkọ́ kò sì dẹ́kun ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ yìí, tí ìkànìyàn ọdún 2006 ti ka èèyàn 1,277,714 sí. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí lọ sí ààtàn náà, bó ṣe lọ ní kíkún ló ṣe ń padà ní òfìfo. Ìdajì ìrìn ọkọ̀ wọ̀nyí, òfìfo ni. Sípíríǹgì tí a fi bíléèdì kún nítorí ẹrù tó pọ̀ jù kò lè tẹ̀ rárá nígbà tí ẹrù bá ti kúrò. Ọkọ̀ á wá máa ta pọ́ún-pọ́ún lórí kòtò, táyà á máa kúrò nílẹ̀, táyà tí kò sì tẹ ilẹ̀ kò lè yà, kò lè dúró. Lábẹ́ Hilux àti àwọn píkọ́ọ̀pù Japan mìíràn, ọ̀rọ̀ náà tún burú jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní fáàfù kan tó so mọ́ axle ẹ̀yìn, tó ń wo bí ìdí ọkọ̀ ṣe wálẹ̀ tó. Bí ìdí bá ga, fáàfù náà á gbà pé ọkọ̀ ṣófo, á dín bíréèkì ẹ̀yìn kù kí táyà má bàa há. Ẹni tó bá ti fi bíléèdì gbé ìdí Hilux sókè, tó wá kó sìmẹ́ǹtì sí i, ti purọ́ fún fáàfù: ẹrù wà lẹ́yìn, bíréèkì ẹ̀yìn kò dé tó.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gan-an ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́rìí sí ohun tí mò ń sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù Mack àtijọ́ tó ní axle méjì lẹ́yìn. Ẹ̀yìn sípíríǹgì rẹ̀ kọ sókè, àárín rẹ̀ jókòó lórí irin róbótó tó ń jẹ́ kó yí, orí rẹ̀ méjèèjì tẹ axle iwájú àti axle ẹ̀yìn. Bí axle kan bá gun òkè, èkejì á sọ̀ kalẹ̀, ẹrù kò sì ní fi ọ̀kan sílẹ̀ kó lọ gun èkejì lórí. Bíléèdì wọn nípọn, mi ò jiyàn; ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò gbójú lé ìnípọn nìkan, wọ́n fún un láyè kó yí. Ní Yúróòpù, òfin 96/53 ti ọdún 1996 fi owó sí ọ̀rọ̀ náà: axle méjì tó sún mọ́ra lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù lè gbé tọ́ọ̀nù 18, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní táyà méjì-méjì, tí sípíríǹgì wọn sì jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tàbí irú mìíràn tó rọ̀ bíi tirẹ̀, wọ́n lè gbé 19. Tọ́ọ̀nù kan odindi, èrè ìrọ̀rùn sípíríǹgì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kan àwa tí a ń fẹsẹ̀ rìn náà. Láàárín ọdún 1958 sí 1960, wọ́n ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo lórí ọ̀nà àdánwò kan ní Ottawa, ní ìpínlẹ̀ Illinois, Amẹ́ríkà, kí wọ́n lè mọ bí ẹrù ṣe ń ba ọ̀nà jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí ẹrù orí axle bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún ọ̀nà á di bí ìlọ́po 16. Ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ gan ń fò, ó sì ń jábọ́. Ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá jábọ́, ẹrù tó ń tẹ ọ̀dà ju èyí tó wà lórí ìwọ̀n lọ dáadáa. Kòtò tí típà òní gbẹ́ ni típà ọ̀la máa wọ̀.

Mo mọ ohun tí onímọ́tò á fi dá mi lóhùn: ẹrù tí mò ń gbé ń kọ́? Ìbéèrè gidi ni. Sípíríǹgì tó rọ̀ tí ẹrù tẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, tí axle wá ń gbá rọ́bà abẹ́ fíréèmù, kò ní ìrọ̀rùn kankan mọ́; ó ti di igi. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àbáyọ ti wà tipẹ́, òun ni bíléèdì olùrànlọ́wọ́, èyí tó nípọn, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọnrangandan, tó wà lábẹ́ tàbí lórí àwọn yòókù, tí kò fara kan iṣẹ́ àyàfi bí ẹrù bá ti tẹ ìdí ọkọ̀ débi kan. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá kún, ìrànlọ́wọ́ á dé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló bá irú rẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́, kí àwa tó dì í mọ́ àwọn yòókù kó lè máa ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹrù tó bá ju agbára olùrànlọ́wọ́ lọ ti ju agbára bíréèkì, táyà àti bíárìn lọ pẹ̀lú, kò sì sí bíléèdì tí a lè fi kún bíárìn.

Àtakò kejì wúwo ju èyí lọ. Wọ́n á ní ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀ máa ń fì, pé típà tó gbé iyanrìn tútù lè dojú dé níbi tí ó ti ń yà. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí n kò fi sọ pé kí ẹnikẹ́ni yọ bíléèdì kúrò lábẹ́ típà ńlá kó sì máa lọ. Ọ̀tọ̀ ni kí sípíríǹgì rọ̀ ju bí ilé iṣẹ́ ṣe ṣe é, ọ̀tọ̀ ni kó gan nítorí ìpẹtà àti ìdè tó há. Èkejì ni mo ní ká mú kúrò, kò sì sí ẹni tí ìpẹtà dáàbò bò. Ó yẹ ká tún rántí pé fífi bíléèdì kún sábà máa ń gbé ọkọ̀ ga sókè, ọkọ̀ tó ga sì yá láti dojú dé ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá wá fi mẹ́ta kún apá òsì nítorí pé ibẹ̀ ló dá, tí wọ́n sì fi apá ọ̀tún sílẹ̀, ọkọ̀ náà á dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ kó tó gbéra rárá. Lọ́jọ́ tó bá gbé pákó ẹ̀yìn sókè láti da iyanrìn, ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn ló máa bi í lulẹ̀. Fún píkọ́ọ̀pù tó ń lọ sóko tàbí tó ń gba ẹrọ̀fọ̀, a lè lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: sípíríǹgì tí bíléèdì rẹ̀ kò pọ̀, tí kọ̀ọ̀kan wọn nípọn láàárín tó sì fẹ́lẹ́ lọ sí ìparí, tí wọn kò fara kan ara wọn àyàfi láàárín àti ní orí. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní Land Rover àtijọ́ ló ti fi irú rẹ̀ rọ́pò. Òun náà ní àbùkù: bí ìtẹná bá pọ̀, sípíríǹgì tó rọ̀ lè fẹ́ yí pẹ̀lú axle, ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ńlá á sì ní láti fi irin kan dá axle náà dúró.

Àwọn mìíràn á ní ohun tó rọ̀ ló ń dá, pé ohun tó nípọn ló ń pẹ́. Ẹ lọ wo ibi tí bíléèdì ti ń dá. Àárín ni, níbi ihò tí bọ́ọ̀tì gbà kọjá, nítorí pé U-bolt ti tú. Tàbí ibi tí orí bíléèdì kúkurú ti ń họ èyí tó wà lókè rẹ̀. Tàbí ibi tí wọ́n ti fi iná jó o. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin lásán. Wọ́n ti gbé e gba inú iná gbígbóná gan-an, wọ́n ti rì í bọ epo, wọ́n sì ti tún un yan díẹ̀ kó má bàa gan jù. Bí a bá fi gáàsì sun ún kí ó lè tẹ̀, ibẹ̀ á di rírọ̀. Bí a bá wẹ́ẹ̀dì rẹ̀, etí ojú jíjó á gan bíi díńgí, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kòtò bá gbá a lágbára ló máa là. Ìdí kẹrin ni ti àwọn bíléèdì tí a ṣà jọ. Èyí tó wá láti ara ọkọ̀ mìíràn kò kọ bíi ti àwọn tó bá níbẹ̀, nítorí náà ojú kan péré ló ti ń fara kàn wọ́n, gbogbo ẹrù á sì wà lójú kan yẹn. Kò sí èyí tí a lè fi ìnípọn wò sàn nínú gbogbo rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? A tú sípíríǹgì palẹ̀, lápá méjèèjì, kì í ṣe ẹyọ kan. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lára bíléèdì kọ̀ọ̀kan, a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó là, a sì fi fáìlì pa etí orí rẹ̀ tó mú kó má máa họ èkejì. Èyí tó bá là, a fi irú rẹ̀ gan-an rọ́pò: ìnípọn kan náà, ìkọ kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ tòkúnbọ̀ láti ọjà Ládípọ̀. Àwọn kan ní gírísì ń kó iyanrìn jọ, ó sì ń kó o jọ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí gírísì aládúdú tó ní gráfáìtì fi dára jù, kó sì jẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí a fi pèlébé ike líle sí orí bíléèdì kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdè kéékèèké tó so bíléèdì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí a má yọ wọ́n, nítorí pé nígbà tí táyà bá sọ̀ kalẹ̀ wọ́n ni kì í jẹ́ kí bíléèdì ìyá nìkan ru gbogbo ìyà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má fún pinpin débi tí bíléèdì kò fi lè yọ̀. Lẹ́yìn náà ni a wo shackle, tí a kì í sábà wò. Bí ó bá ti sùn lọ bá fíréèmù, tàbí tí bọ́ṣìn inú ihò rẹ̀ ti gan mọ́ bọ́ọ̀tì, sípíríǹgì kò ní ríbi nà sí, gbogbo gírísì ayé kò sì ní ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ń fi shackle gígùn gbé ọkọ̀ ga, ẹ ṣọ́ra: ínṣì 4 lórí shackle ń gbé ọkọ̀ sókè bí ínṣì 2 péré, ṣùgbọ́n ó ń mú kí ìdí ọkọ̀ máa mì sí ẹ̀gbẹ́. Bí táyà bá sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣọ́ọ̀kì àti họ́ọ̀sì bíréèkì gbọ́dọ̀ gùn tó o. Họ́ọ̀sì tó kúrú ni yóò já kí sípíríǹgì tó tẹ̀ tán.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba ọ̀rọ̀ mi tàbí ti mẹkáníìkì gbọ́ láìwọ̀n ọ́n. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ní òfìfo, ẹ to pákó líle tó fẹ̀ síwájú táyà iwájú kan, kí awakọ̀ rọra gùn ún, kó fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ fi pákó kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa ki bébà sábẹ́ táyà yòókù. Ní gíga tí bébà bá ti kọ́kọ́ yọ́ kọjá lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ wọn pákó náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí, ẹ sì tún fún U-bolt lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá fi ṣiṣẹ́, torí pé bíléèdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ máa ń jókòó sí i. Bí gíga kejì kò bá ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ padà sídìí shackle àti bọ́ṣìn kí ẹ tó fọwọ́ kan bíléèdì kankan.